Wàláà Tí A Kò Tíì Fọ̀

Bremen, Jámánì
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí Loveth máa ráyè tẹ lẹ́tà yìí jáde fún yín. Ṣé ara le? Etí yẹn ńkọ́? Tí kì í bá ṣe pé etí yín kò gbọ́ fóònù mọ́, ǹ bá ti pè yín, ǹ bá ti sọkún sí yín létí, ì bá sì ti tán. Lẹ́tà ló kù fún wa. Mo ti sọ fún Loveth pé kó jẹ́ kí ìwé náà tóbi dáadáa. Tí ẹ bá ti kọ èsì, ẹ gbé e lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókópì rẹ̀, á ya á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lójú ẹsẹ̀. Torí náà, Bàbá, ẹ má sọ pé ọ̀nà jìn.

Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, ẹ má bínú nípa bí Ìlérí ṣe kúrò nílé. Fíìsà jáde lọ́jọ́ Ajé, tíkẹ́ẹ̀tì tí mo rí jẹ́ ti Ọjọ́bọ̀. Àbúrò mi Lará ní nígbà tí òun wá gbé e láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ ti kírun Àsùbáà tán, ẹ ti padà sùn, òun kò sì fẹ́ jí yín. Mo bá a wí gan-an. Ọdún mẹ́fà lẹ fi tọ́ ọmọ yìí, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjì tí mo fi í sílẹ̀ fún yín wá síbí wá máa tọ́jú arúgbó àwọn ẹlòmíràn. Kò yẹ kó lọ bí ẹni tó sá lọ.

Ó wà dáadáa. Ó ń jẹun, ó ga ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì ti ń gbọ́ Jámánì lẹ́nu àwọn ọmọ ilé kejì. Ọ̀ràn kan ló wà. Kò kàwé ní súkúù. N kò ní kò lè kà á o, kò kà á ni. Màdáàmù Brandt, tíṣà rẹ̀, fún un ní páálí kan tó kún fún àwòrán. Ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ya ẹranko tàbí nǹkan mìíràn sí, ọmọ á wo àwòrán, á mọ ìró, á máa so ìró mọ́ ìró. Tó bá ṣì í, wọn kì í sọ pé ó ṣì í. Gbogbo kíláàsì á máa pariwo. Ìlérí nìkan ni á káwọ́ sórí tábìlì, á pa ẹnu dé, á máa wo tíṣà tìfẹ́tìfẹ́. Màdáàmù ní bóyá ó ń tijú. Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé.

Ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yìí. Ẹ bá mi kọ ìlà kan péré sí i, pé kó kàwé fún tíṣà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ló ń gbọ́. Èmi ṣì jẹ́ àlejò fún un, ó máa ń ṣèèṣì pè mí ní Aunty.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀bẹ̀,
Hàlímátù


Ìkòsì, Kétu, Èkó
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá, 2024

Hàlímátù,

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi. Loveth tẹ̀ ẹ́ tóbi débi pé ewé mẹ́sàn-án ni, mo gbé e bọ̀ láti òpópónà bí ẹni gbé àkàṣù ẹ̀kọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Etí kò san, kò sì burú sí i. Ojú ló fẹ́ bá etí dọ́gba.

O ní kí n má bínú. Kí ni n óò bínú sí? Ẹni tó lọ́mọ ló wá mú ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ kéwú ló ń da ara wọn láàmú, torí Ìlérí ni í máa ń lé ohùn fún wọn tí wọ́n bá ti jókòó. Wọ́n ní ibo ló wà, mo ní ó rìnrìn àjò. Wọ́n ní ìgbà wo ni yóò dé, mo ní kí wọ́n gbé pákó wàláà wọn. Ẹní rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tó ká a sí. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ.

O wá ní ọmọ náà kò kàwé. Ọmọ tó ti ka alífù, bá'ù, tá'ù tán kó tó pé ọdún márùn-ún? Tó ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá fún mi lẹ́yìn ìrun Àsárì nítorí ojú mi tó ń ṣú? Tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ara bọ́ọ̀sì fún àwọn tó ń lọ sí Mile 12 kí wọ́n má baà wọ ti ibòmíràn? Ẹ̀kọ́ wọn ni kó o wádìí. Níbí, etí ló kọ́kọ́ ń gbà á, ẹnu á gbé e, ojú á wá bá wọn níbẹ̀. Ohun tí ọmọ kò bá tíì mọ̀ délẹ̀, kì í la ẹnu sí i. Èwo ni ti ẹranko lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà? Bí àwọn tìrẹ bá ní kí ọmọ máa ṣì í kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún un, tiwọn ni.

Òjò kò tíì dáwọ́ dúró. Ilé wà bó o ṣe fi í sílẹ̀. Má fi ìrun ṣeré.

Bàbá rẹ,
Àáfà Àkànní


Bremen
Ogúnjọ́, oṣù Kẹwàá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ kéwú. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kí mi, ẹ bú mi, ẹ bú Jámánì, ẹ kò kọ ìlà kan sí Ìlérí. Ó jókòó tì mí nígbà tí mo ń kà á lórí fóònù, ó ní, "Bàbá ò sọ nǹkan kan fún mi?" Mo parọ́ fún un pé ẹ kí i. Ó ní kí n fi ibẹ̀ han òun. Bàbá, n kò rí ibi tí mo máa nàka sí.

Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Wọ́n mú un wọ yàrá kan, wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọmọ ń ka lẹ́tà tàbí ó há ọ̀rọ̀ sórí. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ló sọ ìtumọ̀ Súúrà Tábáárà fún èmi nígbà tí mo ń fi orin gbé e lórí ẹní yín? Ìlérí kò kà á. Wọ́n gbé Gẹ̀ẹ́sì fún un, kò kà á. Mo gbé ìwé Yorùbá fún un nílé níbí, ìwé tó fi ń ṣeré nílé yín, ó wò mí, ó sì pa á dé jẹ́jẹ́. Kò sunkún, kò ṣe oríkunkun. Ó kàn ń dúró ni. N kò mọ ohun tó ń dúró dè.

Wàláà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìborùn wé e sínú àpótí nígbà tó ń bọ̀. Ó gbé e sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, yíǹkì tàdáà tí wọ́n fi kọ ọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ bá a fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, ó gbà á lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ti fún wa ní ọjọ́. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá ni àwọn tó ń pinnu máa jókòó. Bí kò bá tíì kàwé títí di ọjọ́ náà, wọ́n máa gbé e lọ sí súkúù àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ń fà, bọ́ọ̀sì méjì sí ilé wa. Wọ́n ní ẹni tó bá wọbẹ̀ kì í tètè jáde. Wọ́n gbé ìwé kan síwájú mi, mo fọwọ́ sí i pé mo gbọ́. Ìlàjì ni mo gbọ́. Ọmọ tó gbọ́n ju èmi lọ ni wọ́n fẹ́ kọ orúkọ òmùgọ̀ fún, mo sì jókòó síbẹ̀ mo ń mi orí.

Ẹ dákun. Ìlà kan. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà kó lè dá a mọ̀ pé ọwọ́ yín ni.

Hàlímátù


Bremen
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo bi Loveth bóyá ìwé mi dé. Ó ní òun fúnra òun ló gbé e wá fún yín, pé ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì níṣojú òun, ẹ ká a, ẹ tì í sábẹ́ ẹní, ẹ sì ní kí àwọn ọmọ máa bá ìwé wọn lọ. Lará ní ara yín le, ẹ ń jẹun, ẹ ń lọ sí mọ́sáláṣí. Kí ni mo ṣe fún yín? Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ fìyà jẹ èmi. Ọmọ náà kò ṣẹ̀ yín.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù.

Hàlímátù


Bremen
Ọjọ́ kẹẹ̀dọ́gbọ̀n, oṣù Kọkànlá, 2024

Bàbá,

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Mo bẹ Ìlérí lánàá títí mo fi bú sẹ́kún. Ó gbé omi wá fún mi. Ó ní, "Mummy, ẹ má sunkún, mo máa kà á." Mo ní ìgbà wo? Ó ní, "Tó bá ti yá."

Bàbá, ẹ dákun, ta ló máa sọ fún un pé ó ti yá?


Bremen
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín. Wọ́n ti jókòó, wọ́n ti dìde. Ìlérí kò la ẹnu. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni yóò bẹ̀rẹ̀ ní súkúù kejì yẹn. Màdáàmù Brandt dì mọ́ mi, omi lé ròrò lójú rẹ̀, obìnrin náà kò níkà nínú. Ó ní òun gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tí òun mọ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí à ń padà sílé ni mo wá bi ọmọ mi ní ohun tó yẹ kí n ti bi í láti oṣù Kẹsàn-án. N kò pariwo, agbára kò tiẹ̀ sí. Mo ní, "Ìlérí, kí ló dé tó ò kàwé fún wọn?"

Ó ní, "Bàbá ò tíì fà mí lé wọn lọ́wọ́ now."

Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni ọpọlọ mi ń fà. Ó ní ọmọ ilé-kéwú Bàbá kì í kàwé fún tíṣà mìíràn, àfi tí Bàbá bá ti gbọ́ ohun tó wà lára wàláà rẹ̀, tó ní kó fọ̀ ọ́, tó wá mú ọwọ́ rẹ̀ fi lé tíṣà náà lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ fa òun lé tíṣà Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní Kétu, òun sì kà á fún wọn. Èyí tó wà lára wàláà yìí, ẹ kò tíì gbọ́ ọ.

Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

Ó ní, "Mo rò pé ẹ mọ̀. Ṣebí Bàbá yín náà ni."

Bàbá, mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ẹ mú mi lọ sí pírámárì. Ẹ fi ọwọ́ mi lé ti Tíṣà Bámi, ẹ ní, "Èyí tí mo mọ̀ ti parí. Mo fà á lé ọ lọ́wọ́." Mo ti gbàgbé pátápátá. Mo sá kúrò lórí ẹní yín, n kò bojú wẹ̀yìn, mo sì mú ọmọ mi lọ láì rántí pé ọmọ orí ẹní ni òun náà.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Láti ìgbà tí mo ti kọ ìwé àkọ́kọ́ sí yín, ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tó ń dúró dè nìyẹn?

Hàlímátù


Ìkòsì, Kétu
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kìíní, 2025

Hàlímátù ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún, ìwọ àti ọmọ rẹ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo ti ń kọ ìwé yìí tí mo ń ya á. Nítorí irọ́ tó wà nínú àwọn tí mo ya ni mo ṣe ya wọ́n.

Mo mọ̀. Láti orí ìlà tó o ti ní ó káwọ́ sórí tábìlì tó pa ẹnu dé ni mo ti mọ̀, torí bí mo ṣe kọ́ wọn láti máa dúró nìyẹn.

Àbúrò rẹ sọ fún ọ pé mo ń sùn. N kò sùn. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ìlérí wá kànkùn. O mọ̀ pé n kò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wà lára pákó, ó ń mì lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró, ó tún kàn án. Mo mọ̀ pé wàláà rẹ̀ ló gbé dání, kí n gbọ́ èyí tí mo kọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó lè fọ̀ ọ́, kí n sì fà á lé ìwọ lọ́wọ́ nípasẹ̀ Lará. N kò ṣílẹ̀kùn. Mo sọ lọ́kàn mi pé bí n kò bá fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kò sí ibi tí yóò lọ tí kò ní í padà. Àgbà ni mí, mo kọ́ ọmọ ènìyàn fún ọdún mọ́kànlélógójì, mo sì ṣe bí ọmọdé tó di bọ́ọ̀lù mú kí eré má baà tán.

Ìwé rẹ wá dé. Mo ní ẹ̀kọ́ wọn ló burú. Mo ń sọ fún ara mi pé yóò sú wọn, wọn yóò ní kó máa bọ̀ nílé. N kò mọ̀ pé ibòmíràn wà tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ. Nígbà tí ìwé kejì dé tí mo wá mọ̀, mo tì í sábẹ́ ẹní, ojú tì mí láti kọ ìlà kan tó yẹ kí n ti kọ látìgbà náà. Ìtìjú ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi nígbà kejì.

Ohun tí mo lè ṣe kò pọ̀ mọ́. Sọ fún un pé mo ti gbọ́ ọ. Lóòótọ́ ni, mo mọ ohun tó wà lára wàláà náà, èmi ni mo kọ ọ́, kò sì sí ibi tí yóò ti ṣì í. Kó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kó da omi rẹ̀ sídìí igi kan tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í dé. Kí o wá mú ọwọ́ rẹ̀ fi lé ti tíṣà tuntun yẹn, ẹni yòówù kó jẹ́. O mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Wọ́n sọ ọ́ lórí tìrẹ náà.

Sọ fún un pé kò ṣe ohun tó burú. Ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Kí o dárí jì mí bó o bá rí i ṣe.

Bàbá rẹ


Bremen
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Inú bí mi sí yín fún oṣù kan gbáko, n kò ní í parọ́. Mo ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, tí èyí tó jọ yín bá ní kí n fún òun lómi, mo máa ń dá a dúró díẹ̀. Ìyẹn náà ti lọ. Ta ni mo máa bínú sí? Èmi ni mo kọ́kọ́ fi ọmọ sílẹ̀.

A ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ka ìwé yín fún Ìlérí láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò fo ibi ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ìyẹn ni pé Bàbá wà níbẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Mo mọ̀." Ó fọ wàláà náà nínú bàsíà, omi náà dúdú díẹ̀, a sì gbé e lọ sídìí igi kan ní ẹ̀yìnkùlé, òtútù ń mú wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo fi ọwọ́ rẹ̀ lé ti tíṣà tuntun, ọkùnrin kan báyìí tó nírùngbọ̀n. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá. Kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló kàwé. Tíṣà náà pè mí sórí fóònù, ó rò pé mo fún un ní oògùn kan ni. Bàbá, ó ń kà á lọ geere. Ó ń ka ara ògiri, ó ń ka páálí mílíìkì. Mo gbé e lọ bá àwọn tó pinnu, mo ní ẹ gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ ọ, inú wọn dùn, wọ́n sì ní àwọn ti kọ ọ́ sílẹ̀, kò ṣeé yí padà báyìí. Ọdún méjì kí wọ́n tó tún jókòó lé e. Bọ́ọ̀sì méjì ni à ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ó ń ka orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan fún mi.

Ó kọ ìwé sí yín, òun ló wà lẹ́yìn tèmi yìí. Jámánì ló fi kọ ọ́. Mo ní kó fi Yorùbá kọ ọ́, ó ní wọ́n ti fa òun lé èyí lọ́wọ́. Jámánì tí mo gbọ́ kò ju ti ilé arúgbó lọ, ṣé ẹ jẹun, ṣé ibẹ̀ ń dùn yín, n kò lè kà á tán. Mo ní kó sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Ó ní Bàbá ló ni ín.

Ọmọ yín,
Hàlímátù


Ìkòsì, Kétu
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 2025

Hàlímátù,

Mo rí tìrẹ, mo rí ti Ìlérí. Loveth ní fóònù òun lè túmọ̀ rẹ̀ fún mi kí n tó mu omi tán. Mo ní kó má ṣe é.

Mo tẹ́ ẹní rẹ̀, mo gbé ìwé náà síwájú. Lẹ́tà rẹ̀ dúró dáadáa, ó kọ ọ́ nípọn bí mo ṣe kọ́ ọ pé kó máa tẹ kálámù. Láràárọ̀, kí àwọn ọmọ tó dé, mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ìlà mẹ́fà ni.

Sọ fún un pé ìwé rẹ̀ dé, pé mo ti káwọ́ sílẹ̀, n kò sì tíì la ẹnu. Ẹnì kan ní láti fà mí lé e lọ́wọ́.

Bàbá yín